Ihò tí Bàbá Mi Lu sí Ìdí Ọkọ̀

Tí mo bá fẹ́ rántí ilé wa ní Ajah, ohùn igbá ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi létí: igbá tó ń ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀, omi tó ń dà pàà sórí iyanrìn, igbá tún padà. Ọwọ́ tèmi ni igbá náà wà. Láràárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, kí n tó wẹ̀, èmi Rísí ni mo ń sáré lọ sí etí ọ̀sà láti gbọ́n omi òjò tó bá sùn sínú ọkọ̀ ilé wa. Ní àsìkò òjò, omi náà máa ń mù mí dé orúnkún, apá á sì máa ro mí títí n ó fi dé ilé ìwé, tí n kò ní lè di bírò mú dáadáa. Ẹ má ṣe káàánú mi o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Èmi nìkan ni ọmọdé inú ilé, bí àwọn àgbà bá sì jókòó ti oúnjẹ, wọ́n á ní omi tí Rísí gbọ́n ló jẹ́ kí ẹja wọlé. Ọmọ tí wọ́n bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, tí wọ́n bá ní kó gbọ́n ọ̀sà gbẹ, á lọ gbé igbá.

Ọkọ̀ náà ni oúnjẹ wa, a kò ní òmíràn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni ó ni ín. Bàbá ni ó ń wà á. Ọkọ̀ onípákó ni, ó gùn, ẹ́ńjìnnì kan wà ní ìdí rẹ̀, àjẹ̀ méjì ni a sì fi ń tì í kúrò létí ilẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gba iṣẹ́ ṣe. Bàbá á kó èrò láti etí omi wa sọdá ọ̀sà lọ sí Ijede. Bó bá ń bọ̀, á gbé ẹja tútù dání, màmá mi á sì yan án lórí ààrò ẹ̀yìnkùlé. Èéfín ààrò yẹn kò kúrò lára aṣọ ilé ìwé mi rí. Ọdún tí mò ń rò yìí ni ọdún tí títì ẹsípíréèsì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣáájú ìgbà náà, iyanrìn àti igbó àgbọn ni ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, ojú omi ló sábà máa ń gbà. Lójijì, katapílà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ń mì títí dé abẹ́ ẹní wa, àgbọn ń wó. Àwọn kan ní ọlà ló dé, àwọn kan ní ìparun ni. Èmi kò mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́, nítorí Ìyá Àgbà nìkan lè sọ méjèèjì kí àwo ẹ̀bà kan tó tán. Èdè Ìjẹ̀bú àwọn ará etí omi ló fi ń sọ ọ́. Èdè tí gbogbo wa gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ síhìn-ín.

Ìyá Àgbà ní òfin kan tó ju gbogbo òfin ilé lọ: ohunkóhun tó bá ṣeé yọ lára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sùn létí omi. Àjẹ̀, okùn, igbá tí a fi ń gbọ́n omi, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí a tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀ kò lè tẹ̀lé olè lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni mo ń kó wọn padà. Láti inú òfin yìí ni àmì kan ti wá, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó fi lélẹ̀, àmọ́ tí gbogbo wa mọ̀: bí o bá dé etí omi tí o rí àjẹ̀ méjèèjì nínú ọkọ̀, Rísí ti dé ibẹ̀, omi òjò ti tán, ọkọ̀ ti ṣe tán. Bàbá kì í bi mí ní ìbéèrè kankan. Àjẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó wa sí wàhálà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ti Ikate dé pẹ̀lú nǹkan kan tó fi ìwé ìròyìn wé. Ó pè wá jọ sábẹ́ igi àgbọn, ó tú u. Páìpù idẹ kékeré kan ni, kò gùn ju ìka mi lọ. Ó ní ètè pẹrẹsẹ lápá kan, ó ní nọ́ọ̀tì lápá kejì, èdídí kan sì wà tí a ń yí wọ ẹnu rẹ̀ bí ìdérí ìgò. Màmá gbé e yẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, bó ṣe máa ń gbóòórùn gbogbo ohun tí kò bá yé e.

“Ibo lẹ fẹ́ fi í sí, Bàbá Rísí?”

“Ìdí ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. N ó lu ihò síbẹ̀.”

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé àtẹ sílẹ̀. “Ráfíù, ṣé o mutí ni?”

“Ìyá, mi ò mutí o.”

“Gbogbo ayé bàbá rẹ, ihò ló fi ń dí. Òun ló jẹ́ kó kú sórí bẹ́ẹ̀dì, tí kò kú sómi. Ìwọ wá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ lu òmíràn?”

“Ìyá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo rí i lára ọkọ̀ àwọn olówó tó ń ṣeré létí òkun. Tí wọ́n bá ti fà á gorí iyanrìn, wọ́n á kàn yọ èdídí yìí, omi òjò á dà jáde fúnra rẹ̀. Kò sí pé à ń gbọ́n omi mọ́. Ẹsípíréèsì ti fẹ́ kó èrò wa lọ, ẹ̀yin náà rí i. Ẹni tó bá tètè gbéra láàárọ̀ ló máa rí ìyókù kó. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Ẹni tó ṣe ihò yìí náà ló ṣe èdídí rẹ̀.”

“Ìrésà a máa sọnù,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó gbé àtẹ rẹ̀ padà sórí itan. “Ìwọ lò ń wà á, ṣe é bó o bá fẹ́. Àmọ́ ọwọ́ tèmi kò ní kan nǹkan yẹn láéláé.”

Ọkàn mi dàrú. Bàbá mi kì í purọ́, Ìyá Àgbà kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn méjèèjì sì ń sọ ohun tí kò lè jẹ́ òtítọ́ pa pọ̀. Ohun tó tún rú mi lójú jù ni pé, tí omi bá ń dà jáde fúnra rẹ̀, kí ni Rísí á máa ṣe?

Ọjọ́ tí ó lu ihò náà, a gbé ìdí ọkọ̀ lé orí ìtì àgbọn. Bàbá ti yá dírílì ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan, ó ń yí i ní ìdí ọkọ̀ níta, èmi jókòó sínú, lábẹ́ pákó ẹ́ńjìnnì, níbi tí àyè kò gba kí àgbàlagbà jókòó. Lẹ́búlẹ́bú pákó pupa bẹ̀rẹ̀ sí í já sí mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yọ, ìmọ́lẹ̀ roboto kan, láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti wọ inú ọkọ̀ yẹn rí, mo sì pariwo. Bàbá fi ojú kan sí ihò náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó fi ọ̀dà dúdú kun inú ihò yíká, ó ní pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu máa ń mu omi bí aláàárẹ̀. Ó wé òwú tí ó rẹ sínú ọ̀dà mọ́ abẹ́ ètè páìpù, ó tì í wọlé láti ìta, èmi fi róbà àti nọ́ọ̀tì bọ orí rẹ̀ nínú, mo fi sípánà fún un.

“Rọra o. Tó o bá fún un jù, pákó á là.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó, Bàbá?”

“Wàá rí ọ̀dà tó máa yọ yí etí rẹ̀ ká. Tó bá ti yọ yíká, dúró.”

Ọ̀dà yọ yíká, mo dúró. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ mi dúdú, ó ń rùn, ọṣẹ kò ràn án, inú mi sì dùn pé èmi ni mo fún nọ́ọ̀tì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ohun rere ni mo bá wọn ṣe.

Nígbà tí òjò rọ̀, gbogbo wa lọ wò ó láàárọ̀, àfi Ìyá Àgbà tó ní òun ń dúró de oúnjẹ. Ọkọ̀ ti gbẹ. Ipa omi wà lórí iyanrìn láti ẹnu ihò lọ dé ọ̀sà. Bàbá jó díẹ̀, Màmá rẹ́rìn-ín, èmi dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, n kò rí nǹkan gbọ́n. Mo wá bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: “Bàbá, báwo ni ihò yìí ṣe ń mọ omi tó yẹ kó jáde yàtọ̀ sí omi tí kò gbọdọ̀ wọlé?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dijú. “Ihò kò mọ nǹkan kan, Rísí. Èdídí ló mọ̀. Èdídí, àti ẹni tó bá dì í mú.” Màmá gba igbá lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ di igbá tí a fi ń bu gàrí ní ilé ìdáná. Bóyá Bàbá rí ojú mi ni o, n kò mọ̀, ó mú okùn àwọ̀n, ó fi so èdídí mọ́ mi lọ́rùn. Ó ní láràárọ̀, tí mo bá ti kó àjẹ̀ dé etí omi, kí n yí i wọ ẹnu ihò; ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti fa ọkọ̀ gòkè, kí n yọ ọ́ wálé. Ó ṣeé yọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ sùn létí omi. Òfin Ìyá Àgbà ni, ẹnikẹ́ni kò sì rántí pé àwọn ohun tí òfin náà wà fún látijọ́, bí wọn kò bá sí nínú ọkọ̀, ojú máa ń rí i, ti èdídí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Ìyá Àgbà ń bá Bàbá sọdá lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní Ijede. Ó wọ aṣọ funfun. Ó ní kí n má fi eré jáfara, kí èrò má dúró de òun. Mo ru àjẹ̀ méjèèjì lọ sí etí omi, mo tò wọ́n sínú ọkọ̀. Mo ń bẹ̀rẹ̀ lọ síbi ihò ni mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọ àdúgbò: “Wọ́n ń da ọ̀dà! Wọ́n ń da ọ̀dà!” A ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí katapílà ti dé. Mo ní n ó kàn yọjú ni, n ó padà lójú ẹsẹ̀, ó sì dá mi lójú bẹ́ẹ̀. Mo sáré la igbó àgbọn kọjá. Ọkọ̀ ńlá kan ń da nǹkan dúdú tó ń yọ èéfín sílẹ̀, òmíràn tó wúwo ń gùn ún mọ́lẹ̀ lọ, a sì ń pariwo bí ẹni ìran wá bá nílé. Afẹ́fẹ́ fẹ́ òórùn rẹ̀ sí wa. Òórùn ọ̀dà ni. Òórùn ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi lọ sí ọrùn mi fúnra rẹ̀, èdídí sì wà níbẹ̀.

N kò rántí bí mo ṣe sáré. Mo rántí etí omi: ipa ọkọ̀ lórí iyanrìn, omi tó ń yà wọ inú ipa náà, kò sì sí ọkọ̀. Màmá wà níbẹ̀, ó ń fọ agbọ̀n ẹja. Ó bi mí kí ló dé, mo gbé èdídí sókè pẹ̀lú okùn rẹ̀. Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ inú omi dé ìbàdí, ó ń pe Bàbá Rísí, ó ń pe Ìyá, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń lọ lókèèrè kò tó hóró àgbàdo mọ́. Ó yíjú padà sí mi. “Igbá ńkọ́? Igbá wà nínú ọkọ̀?” Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti rántí ibi tí igbá wà. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ká ọwọ́ lérí. N kò tíì rí ìyá mi kó jókòó ní ojúmọmọ rí.

A jókòó ti ara wa títí oòrùn fi yẹ̀. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n lọ. Ẹni tó ní ọkọ̀ nítòsí ti wọ omi kó tó di àkókò yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ ìdàrúdàpọ̀ ọkàn mi ju ẹ̀rù lọ. Bàbá ní omi ń jáde níbi ihò náà. Tó bá ń jáde níbẹ̀, kí ló ń pa Màmá lẹ́kún? Ṣé ó lè jáde kó tún wọlé? Ta ló ń sọ fún un? Bàbá tún ní ẹni tó di èdídí mú ló mọ̀. Mo dì í mú títí àwọn eyín rẹ̀ fi tẹ̀ mí ní àtẹ́lẹwọ́, n kò sì mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn kíkí ìrun Àsárì ni a gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Màmá ti wọ omi kí n tó dìde. Bàbá ló dúró ní ìdí ọkọ̀, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí ó ṣàìsàn dìde. Ìyá Àgbà kò sí lórí pákó ìjókòó. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó jókòó sí, ó kọjú sẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ síbi tí ihò wà, aṣọ funfun rẹ̀ tutù dé àyà. Bàbá ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sáré lọ, kò sí nǹkan kan, torí eré ọkọ̀ ń fa omi jáde láti ihò náà. Láàárín ọ̀sà ni ó dẹ eré nítorí àwọ̀n àwọn apẹja, omi sì ru wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó rò pé pákó ló yà. Ó tún sáré, omi fà sẹ́yìn. Ó tún dẹ eré, omi padà dé. Kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ tó lè sáré gúnlẹ̀. Èrò ń ké. Ó wá igbá, kò sí igbá. Ìyá Àgbà nìkan ló bi í léèrè pé, “Ráfíù, èdídí yín dà?” Kò dúró de èsì. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó, ó jókòó sínú omi, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ẹnu páìpù náà mọ́lẹ̀, ó sì ní kí àwọn obìnrin máa fi abọ́ oúnjẹ wọn gbọ́n omi dípò kí wọ́n máa sunkún. Nígbà tí wọ́n dé Ijede, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò títí ẹni tó kẹ́yìn fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi dí ihò náà kí wọ́n tó máa bọ̀, síbẹ̀ ó tún fi gìgísẹ̀ lé orí igi náà. Kò ráyè dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

“Ṣé ẹ kò wò ó ni, Bàbá Rísí?” ni Màmá bèèrè.

“Mo rí àjẹ̀.”

“Ojú ọlọ́jú kò jọ ojú ẹni!”

“Mo rí àjẹ̀,” ni Bàbá tún wí. Nígbà tí mo dàgbà tí mo tún bi í, ohun kan náà ló sọ. Mo ń retí pàṣán ní ọjọ́ yẹn. Mo lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró sí láti jẹ ẹ́, mo tẹ́ ọwọ́, kò sẹ́ni tó wá. Títí di òní, n kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá Bàbá rò pé òun ló jẹ̀bi, bóyá Màmá ń ronú igbá tó mú lọ bu gàrí, bóyá Ìyá Àgbà ń ronú òfin tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí àgbàlá, wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi, ìyẹn sì dùn mí ju pàṣán lọ.

Màmá ní kí n gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ fọ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Gìgísẹ̀ náà ti funfun, ó ti wú, ẹnu páìpù àti nọ́ọ̀tì tí èmi fi ọwọ́ ara mi fún ti kọ ara wọn síbẹ̀ ní òrùka pupa. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń sunkún sínú omi. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ má bínú.” Ó fi oríkì mi pè mí. “Ìwọ lo fi í sílẹ̀ gbayawu, èmi ni mo fi gìgísẹ̀ dí i. Bí ilé ṣe ń rí nìyẹn, Àṣàkẹ́. Lọ bu omi gbígbóná sí i, ó ti ń tutù.”

Mo máa ń gba ojú ẹsípíréèsì yẹn kọjá báyìí. N kò lè fi ìka tọ́ka mọ́ sí ibi tí a dúró sí ní ọjọ́ tí wọ́n ń da ọ̀dà. Ilé ti bo gbogbo rẹ̀, ibi tí igbó àgbọn wà ti di géètì àti fẹ́ńsì. Wọ́n ní títì náà máa gbé ẹja wa dé Èkó. Ó gbé e. Ó sì gbé Èkó wá bá wa, ó kó èrò etí omi lọ, ó kó àwọn kan lára wa lọ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bóyá ó dára bí ó ṣe wá. Bàbá mi ti dáhùn rẹ̀ fún mi létí omi: ihò kò mọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Ìyá Àgbà ló jí mi. Ó ti gbé àjẹ̀ kan, ó na èkejì sí mi. A jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, òun ń tiro, èmi ń tẹ̀lé e. Mo fẹ́ sọ àjẹ̀ mi sínú ọkọ̀, ó ní kí n dúró. Ó ti àjẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ara igi àgbọn, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní ìdí ọkọ̀, níbi tí Bàbá ti yọ igi tí wọ́n fi dí ihò, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí.

“Mú un wá.”

Mo bọ́ okùn lọ́rùn, mo fi èdídí náà lé e lọ́wọ́, ọwọ́ tó ní kò ní kàn án láéláé. Ó fi í sẹ́nu ihò, ó yí i, ó bọ́. Ó tún yí i, ó tún bọ́. Mo rọra kúnlẹ̀ tì í. “Apá ọ̀tún ni ẹ máa yí i sí, Ìyá.” Mo gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, a jọ yí i.

“Ṣé ó ti wọ̀?”

“Ó ti wọ̀, Ìyá.”

“Tún un wò.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tún un wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó jẹ́ kí n gbé àjẹ̀ sínú ọkọ̀.